Sí Bàbá Kékeré, lórí àwo Fẹlá tí ẹ ṣẹ́

Bàbá Kékeré mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ilé. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwo "Zombie", orin tí Fẹlá fi bú àwọn sójà, tí ẹ ṣẹ́ ní pálọ̀ Bàámi ní Ọ̀fà ti wà nínú mi. 1977 ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹ ti Ìlọrin dé fún ìsinmi, ẹ ò tíì bọ́ kakí sójà yín. Orin náà ju ìṣẹ́jú 12 lọ, fèrè Fẹlá sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó lanu. Ní gbogbo ìgbà tí fèrè ń dún, ẹsẹ̀ yín ń jó nílẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ bíi sájẹ́ǹtì, tí àwọn elégbè ń ké "Zombie!", lẹ dìde, ẹ yọ àwo náà, ẹ fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì.

Bàámi ò bá yín sọ̀rọ̀ títí Iléyá fi dé. Inú bí èmi náà.

Mo dàgbà kí n tó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún yẹn gan-an làwọn sójà ya bo Kàlàkútà, ilé Fẹlá l'Ékòó. Wọ́n sun ún níná, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ẹni ọdún 76 ni màmá náà. Oṣù Kẹrin 1978 ni wọ́n kú. Àwọn tí ìjọba ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà wá ní sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é.

Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà: bí ẹni méjì bá gbá ara wọn mú láàárín agbo, gbogbo ìlú ló mọ ọmọ ẹni tó dá ẹnìkejì. Báwo ni wọ́n ṣe máa rán ọmọ tó ní oríkì, tó ní ìyá nílé, níṣẹ́ burúkú, kí wọ́n wá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí? Orin yẹn bú yín, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ mo ń gbọ́ ẹ̀dùn nínú èébú náà, pé wọ́n ti gba ọkàn ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀, òkú rẹ̀ ló ń rìn kiri.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún Bàámi títí wọ́n fi kú. Lóru ọjọ́ náà, mo jáde lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo bá yín lórí àpótí, ẹ ń fi pólíṣì kun bàtà, búrọ́ọ̀ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ sì ń súfèé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún wa pé a kì í súfèé lóru. Fèrè Fẹlá ni, látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò fo ibì kankan.

Mo ti rí òmíràn rà. Sátidé tó ń bọ̀, mò ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ tán, kí ẹ sì sọ ohun tó wà lọ́kàn yín lóru ọjọ́ yẹn fún mi.

Èmi ọmọ yín, láti Ìlọrin.