Àyìnkẹ́, Wá Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣubú

Òkèṣà,
Adó-Èkìtì.

Àyìnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Kánádà o. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí yìnyín ṣe gbé ọ ṣubú tí ọrùn ọwọ́ rẹ fi kán. Pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Bí o ṣe ń kérora náà lo tún ń fi mí ṣẹ̀sín, o ní kí ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń wá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ara wọn lulẹ̀, àbí ìjà ilé ìwé ò tíì tán lára mi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ju ohun tí mo lè fi ohùn dáhùn lọ, ni mo bá mú bírò.

Nínú júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan tí mo ń kọ́ yìí, wọn kì í kọ́kọ́ kọ́ èèyàn bí yóò ṣe dá ẹlòmíràn. Bí yóò ṣe ṣubú ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ la fi ń ṣubú ṣáá, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́, síwájú. Tí o bá ń lọ sẹ́yìn, fi àgbọ̀n lé àyà, kí ojú rẹ máa wo ibi tí o ti ta bẹ́líìtì ní kókó, kí ìpàkọ́ má baà kan ilẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ ká roboto. Bí ẹ̀yìn bá ṣe ń balẹ̀, fi apá méjèèjì gbá ilẹ̀ pa, láti ìgúnpá dé àtẹ́lẹwọ́, kí agbára ìṣubú náà fọ́n ká. Èyí tí o ò gbọdọ̀ ṣe ni èyí tí o ṣe yẹn gan-an, kí o na ọwọ́ kan sílẹ̀ láti fi gba ara rẹ dúró. Gbogbo ara ló máa dà lé ọrùn ọwọ́ lórí, eegun ibẹ̀ ò sì lè gbà á. Tí ọwọ́ bá ti san, tẹ́ fóòmù sílẹ̀, lóṣòó sórí rẹ̀, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Jọ̀wọ́, má dán an wò lórí yìnyín.

O mọ bí inú mi ṣe máa ń tètè ru. Ìwọ lo sọ mí ní Iná Ọyẹ́. Ó dára, ìbínú ò wúlò lórí máàtì. Ẹni tó bá bínú, apá rẹ̀ á gan, èémí rẹ̀ á há, ìgbà yẹn gan-an ló sì rọrùn jù láti dá. Tí ẹnì kan bá tì ọ́ tí ìwọ náà tì í padà, ẹni tó lágbára jù ló máa borí. Ṣùgbọ́n tó bá tì ọ́ tí o yẹ̀ fún un, tí o wá fà á síbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa gbé e débi tí wàá ti dá a. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ la jọ máa ń ṣe é, kò wúwo tó àpò ìrẹsì, síbẹ̀ òun ló ń fi mí gbálẹ̀. Ó dá mi, mo dìde, a tẹríba fún ara wa, a tún kira. Nígbà tí wọ́n bá ti dá èèyàn títí tí kò kú, ohun tó lè múnú bí i á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Ó jọ ìjàkadì abẹ́ òṣùpá ìgbà tí a wà lọ́mọdé, pé ẹ̀yìn ẹni kan ilẹ̀, eré parí. Àmọ́ tiwa, bí o bá ti dá ẹni lulẹ̀, ijó ló kàn. Níhìn-ín, ẹni tó dáni ò gbọdọ̀ tú ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ di apá ẹ̀wù ẹni tó ń ṣubú mú, kó fà á sókè díẹ̀, kí ẹ̀yìn balẹ̀ kí orí má balẹ̀.

Ọmọ wẹ́dà kan dé sí àárín wa, alágbára ni. Ó gbé ọmọ ilé ìwé kan sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì tú ọwọ́ sílẹ̀ láti fi yọ̀. Ọmọ yẹn ń wúkọ́. Kóòṣì ò pariwo. Ó kàn rìn wá, ó di ẹ̀wù wẹ́dà náà mú, ó gbé e kọ́ ìbàdí, ó sì dá a dúró sínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀. Ó ní, “Ta ló ni orí rẹ báyìí?” Wẹ́dà ní, “Ẹ̀yin ni, sà.” Kóòṣì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì ní ká máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ẹni tó di apá ẹ̀wù mú tó ọmọkùnrin yẹn.

Tọrùn tiẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń fún ẹnìkejì lọ́rùn. Tó bá ti fọwọ́ gbá máàtì tàbí gbá ọ lára lẹ́ẹ̀mejì, o gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí “dúró ná”. Èmi tí kì í gbọ́ ẹlòmíràn bí inú bá ń bí mi, mo wá ń tẹ́tí sí ìró ọwọ́ kékeré báyẹn.

Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà, ó kéré lára, wọ́n sì ti fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé rí. Olùkọ́ ni, ó sì fẹ́ kí ẹni tó dáni àti ẹni tí wọ́n dá jọ jèrè. Tó o bá tún ní èyí kì í ṣe tobìnrin, Keiko Fukuda, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1913, gba dan kẹwàá, ipò tó ga jù lọ nínú júdò, ní Amẹ́ríkà ní 2011. Nígbà tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún pàápàá, ó ṣì ń kọ́ni, kó tó kú ní 2013.

Mi ò ní parọ́ fún ọ ṣá. Mo mọ ẹni tó gba bẹ́líìtì dúdú tí kò ṣeé bá gbé. Kóòṣì wa gbà pé júdò ń wo gbogbo àìsàn, mo máa ń fi ẹ̀rín gbà á ni. Èyí tí mo rí lọ́dọ̀ Màámi nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí.

O mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn mọ́, iyè wọn náà sì ń ṣí. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ wẹ̀ wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá rí omi, wọ́n á máa fà sẹ́yìn, wọ́n á máa pè mí ní orúkọ Àǹtí tó ti kú. Tí o bá fà wọ́n, wọ́n á gan, wọ́n á sì ké. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá fà sẹ́yìn, èmi náà á tẹ̀ lé wọn sẹ́yìn, ọwọ́ mi lápá ẹ̀wù wọn, ìbàdí mi nísàlẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀. A ó yí díẹ̀ nínú yàrá. Ara wọn á rọ̀, a ó sì ti dé ibi ìjókòó báàfù kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà míì wọ́n á ní, “O ṣeun, ìyá mi.”

Wọ́n ní kí n kí ọ. Wọn ò gbàgbé tìrẹ, ọmọ tó ń jẹ iyán wọn mọ́ àwo.

Bá mi wo iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wù júdò níbẹ̀, funfun, èyí tó nípọn. Tèmi ti ya léjìká, ti télọ̀ yẹn sì jẹ́ àyálò. Méjì ni o, kí tiẹ̀ kéré ju tèmi lọ. Sọ iye rẹ̀ fún mi kí o tó rà á, mo mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Iná Ọyẹ́ rẹ.