Ìlara kọ́ ló ń gbé àwọn Fádà olókìkí ṣubú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí òkìkí wọn kàn káàkiri, tí wọ́n sì wá wọlẹ̀ lójijì. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìlara àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ń fà á, pé bí wọ́n bá ti rí i tí èrò ń wọ́ tọ Fádà kan lẹ́yìn, wọn yóò wá ọ̀nà pa á lẹ́nu mọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí lẹ́nu àwọn èèyàn wa, lẹ́yìn Máàsì àti lórí WhatsApp, ó sì ń dùn mí, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣubú ni pé fún ọdún gbọọrọ, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù tàbí ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn bá fi máa la ẹnu, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Fádà John Corapi ará Amẹ́ríkà yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ wa níbí ló wò ó lórí EWTN, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Kátólíìkì tí sísítà kan, Mother Angelica, dá sílẹ̀ ní Alabama lọ́dún 1981. Ẹni tó bá ti rí ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan kò lè gbàgbé rẹ̀. Ó fá orí rẹ̀ kodoro, ó dá irùngbọ̀n sí, aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bí ìyá ìlù. Tó bá ń ṣàlàyé katikísìmù Ìjọ, kò ní bu omi là á rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò pe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀run àpáàdì ni yóò pe ọ̀run àpáàdì. Ìtàn ayé rẹ̀ tún wá jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ó ní òun ti rí towó ṣe rí, kí kokéènì tó ba òun jẹ́, tí òun fi di ẹni tí kò nílé lórí, pé àdúrà ìyá òun ló fa òun padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Lọ́dún 1991, Póòpù John Paul Kejì fúnra rẹ̀ ló fi í joyè àlùfáà. Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ ń mu igbó tí kò ní fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀? Mo mọ àwọn ìyá tó jẹ́ pé ìwàásù yẹn ni wọ́n fi ń gbé ara wọn ró, n kò sì ní bú wọn láé.

Wàyí o, ẹ wo bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn pẹpẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní SOLT ni Corapi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí máa ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní kó ohun ìní jọ fún ara àwọn, pé àwọn yóò sì gbọ́ràn sí ọ̀gá àwọn lẹ́nu. Texas ni àwọn ọ̀gá náà wà. Corapi ń dá gbé ní Montana, ní òkè lọ́hùn-ún, ó sì ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Santa Cruz Media, tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì àti àwo ìwàásù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ti ní kí òun máa fi iṣẹ́ òun gbọ́ bùkátà ara òun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà tó ń dá gbé, tó ń dá ná, tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì ń lé wọn fúnra rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé ìwà rẹ ò dáa mọ́?

Ọjọ́rú Eérú ọdún 2011 ni Corapi gbọ́ pé obìnrin kan tó ti bá òun ṣiṣẹ́ rí ti kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù nípa òun. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé ná, EWTN sì dá ètò rẹ̀ dúró. Ariwo ta! Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ lu EWTN, wọ́n kọ lu bíṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó kọ lẹ́tà sì ni wọ́n bú jù. Nínú oṣù Kẹfà, kí ìwádìí tó parí, Corapi ní òun fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní The Black Sheep Dog lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni SOLT gbé àbájáde ìwádìí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta síta. Wọ́n ní ó ti bá obìnrin kan gbé fún ọdún díẹ̀, pé ó ń lo oògùn olóró, ó sì ń mu ọtí ní ìmukúmu. Wọ́n ní ilé àti ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là wà lórúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì, alùpùpù àti ọkọ̀ ojú omi. Corapi jiyàn.

Ohun kan wà nínú ìwé SOLT yẹn tí mo fẹ́ kí gbogbo wa tẹjú mọ́. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ náà kò rí àwọn ẹlẹ́rìí kan bá sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Corapi pé àwọn kò ní sọ ohun tí àwọn mọ̀. Ó sì ti gbé obìnrin tó fi ẹ̀sùn kàn án lọ sí kóòtù. Fádà tó wà ní pàríìṣì yín, ṣé ó ní lọ́yà? Ṣé ó ní ìwé àdéhùn tó lè fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀ pé kí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lọ? Kò ní. Oníléeṣẹ́ ló ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ fi ra kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù ló sọ àlùfáà yìí di oníléeṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà ló sì fún un lágbára láti ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́. Ibo ni ìlara bíṣọ́ọ̀bù ti wá wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Tó bá jẹ́ pé ìlara ló ń ṣiṣẹ́ ni, kí ló dé tí wọ́n fi dáàbò bo Fádà Marcial Maciel pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ Mexico ni, òun ló dá ẹgbẹ́ àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Legion of Christ sílẹ̀. Ó ń mú owó wọlé, ó ń mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá sínú iṣẹ́ àlùfáà, Róòmù sì ń yìn ín. Lọ́dún 1997, àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n ti wà lábẹ́ rẹ̀ jáde sí gbangba, wọ́n ní ó fi ìbálòpọ̀ bá ayé àwọn jẹ́ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ó di 2006 kí Póòpù Benedict tó ní kó lọ jókòó, kó máa gbàdúrà, kó sì máa ṣe ìrònúpìwàdà. Ó kú ní 2008, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà pé ó bímọ obìnrin kan. Láti 1997 sí 2006, ẹ̀sùn wà nílẹ̀, ẹni tó ń mówó wá kò sì rí ẹni bá a wí. Ìyẹn ló ń bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ Corapi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti wà tipẹ́. Láti 1926 ni Fádà Charles Coughlin ti ń wàásù lórí rédíò ní Royal Oak, lẹ́bàá Detroit. Nígbà tó gbóná jù, wọ́n fojú díwọ̀n pé ọgbọ̀n mílíọ̀nù èèyàn ló ń gbọ́ ọ. Ìṣèlú wọ̀ ọ́ lára, ó sì wá ń sọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn Júù. Bíṣọ́ọ̀bù Gallagher tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń tì í lẹ́yìn. Ìgbà tí Gallagher kú ní 1937 ni ọ̀gá mìíràn dé, ní 1942 sì ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Mooney pàṣẹ pé ó tó gẹ́ẹ́. Coughlin gbọ́ràn, ó padà sí pàríìṣì rẹ̀, ó sì ń bójú tó o títí di 1966. Àmọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tó ti gbìn sọ́kàn àwọn èèyàn, ta ni yóò lọ hú u?

Nílẹ̀ wa níbí, mo mọ̀ pé Fádà Ejike Mbaka ti Enugu ni yóò wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ òǹkàwé. N kò fi í wé Corapi tàbí Maciel o. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Èmi ń sọ nípa àwa tí à ń tẹ̀ lé wọn. Lálẹ́ tó kẹ́yìn ọdún 2014, Fádà yìí dúró níwájú ogunlọ́gọ̀, ó ní kí Jonathan lọ, kí Buhari wọlé. Ní 2016, wọ́n gbé e kúrò ní Christ the King ní GRA lọ sí Emene, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìyà ni. Nígbà tó fi máa di 2021, Fádà yìí ti wá ń sọ pé kí Buhari kan náà fipò sílẹ̀. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọn kò rí Fádà fún àkókò díẹ̀, ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bá ya bo ilé bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ó ń fọ́ ilé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí àlùfáà kan! Ní 2022, lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ àbùkù sí Peter Obi, Bíṣọ́ọ̀bù Onaga ti Enugu ní kí ọmọ ìjọ kankan má ṣe lọ síbi ìsìn Adoration tí Fádà náà ń darí fún ìgbà kan ná. Fádà gbà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó yá. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e ni kò gbà.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, mo mọ ibi tí aáwọ̀ àgbà ti wọ ọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Fulton Sheen gba àmì ẹ̀yẹ Emmy nítorí ètò rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Òun àti Kádínà Spellman ti New York jà lórí owó iṣẹ́ míṣọ́n, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìjà yẹn wà lára ohun tó gbé e kúrò ní New York lọ sí Rochester ní 1966. Sheen lọ. Kò fi ìjọ sílẹ̀, kò dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò rán ọmọlẹ́yìn kankan sí Spellman. Kò sì ṣubú. Ẹni tí àgbà bínú sí nìyẹn, tí kò sì wọlẹ̀, nítorí kò sí ohun kankan lábẹ́ ẹní tí wọ́n fẹ́ gbé jáde.

Ní ìjọ wa, mo wà lára àwọn tó ń ka owó igbá. Kò sí ẹni tó ń dá a kà. A máa jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á ka náírà ọlọ́gọ́rùn-ún, ẹlòmíràn á tún un kà, gbogbo wa á tọwọ́ bọ ìwé kí owó tó lọ sí báńkì. Fádà wa kì í bínú sí i. Ó ní òun náà ni ètò yẹn ń dáàbò bò. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì Fádà orí tẹlifíṣàn, a kì í béèrè ẹni tó ń kà á?

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, Olóòtú. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa oníwàásù tuntun tí èrò ń wọ́ tọ̀, ẹ má ṣe ròyìn iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ nìkan. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ béèrè ẹni tí àkáǹtì ilé iṣẹ́ oníwàásù náà wà lórúkọ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bóyá ó mọ̀ sí i. Bí obìnrin kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí bá sì wá sí ọ́fíìsì yín tòun ti lẹ́tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un níjòókòó, kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ìjọ Kátólíìkì kan,
Ìbàdàn.