Hítà tí o fi ránṣẹ́ sí Màmá

Jos,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé tiyín ní Winnipeg kọjá ohun tí a lè fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún yìí mú Jos gidi gan-an ni. Láàárọ̀ yìí, dígírì 11 ni fóònù mi sọ pé ó wà. Ètè mi ti là. Eruku ti bo ewé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yín, àfi bí ẹni pé wọ́n yí i nínú eérú. Orí pèpéle tí a ti máa ń ṣa ìrẹsì nígbà yẹn ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí, àárò rẹ sì ń sọ mí.

Mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí Màmá kì í jìnnà sí mi tí a bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà á sì figbe ta. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó pe ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó fara pa. Mo tètè sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Hítà tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Àbẹ̀kẹ́, Màmá gbé e kiri bí ọmọ tuntun! Wọ́n fi han Ìyá Alákàrà, wọ́n fi han mai gadi, wọ́n fi han èmi lẹ́ẹ̀mẹta. "Ọmọ mi ló ní kí òtútù má pa mí." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró de ẹlẹ́tíríṣàn kó wá kàn án mọ́ ògiri. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Àmọ́ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òtútù mú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ sì lọ ra adáptà kékeré kan lẹ́bàá títì, torí ẹnu púlọ́ọ̀gì hítà náà pẹlẹbẹ, kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa. Ó ki hítà bọ adáptà náà, ó tàn án.

Èmi ń ti ọjà Farin Gada bọ̀ ní tèmi, pòtétò àti kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ẹnu géètì ni mo wà tí òórùn ike tó ń jó ti pàdé mi. Mo wọ pálọ̀, mo bá Màmá níwájú hítà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wáyà inú rẹ̀ tó yẹ kó kàn pọ́n ti ń funfun. Fáànù rẹ̀ ń han. Adáptà ti rọ̀, ó ti ń ṣàn wálẹ̀ bí àbẹ́là, ara ògiri tó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì ká sì ti dúdú. Mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Mo sáré dé ìdí mítà, mo já suwíìṣì ńlá sílẹ̀, mo padà wá fa Màmá dìde. Pòtétò fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, a wà nínú òkùnkùn, àwa méjèèjì sì ń gbọ́ bí irin yẹn ṣe ń ta pàà, pàà, bó ṣe ń tutù. Títí di ìsinsìnyí, tí mo bá dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ.

Ẹlẹ́tíríṣàn tó wá lọ́jọ́ kejì dojú hítà délẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu àkọlé kékeré tó wà nídìí rẹ̀, ó ní kí n kà á sókè: 120V, 60Hz, 1500W. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i?" Iná tó ń jáde lára ògiri yín ní Kánádà, 120 ni. Tiwa, 230 sí 240 ni. Ó ní wáyà tó ń gbóná nínú hítà kò mọ ìlú tó wà. Tí agbára tó ń tì í bá di ìlọ́po méjì, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Hítà 1500 wáàtì yìí ń wá bó ṣe máa ṣe iṣẹ́ 6000, iná tó tó áńpíà 25 sì ń gba inú adáptà tí kò yẹ kó gbé ju 13 lọ. Ẹnu púlọ́ọ̀gì ni adáptà ń bá èèyàn yí padà. Agbára iná, kò débẹ̀. Jọ̀ọ́, sọ èyí fún gbogbo àwọn èèyàn wa tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà kì í sábà ní ìṣòro, torí 100 sí 240 ni wọ́n ń kọ sára wọn. Ohun tó bá ń mú ooru wá, hítà, àyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Mo mọ̀ pé o máa ní ká ra transformer, ẹ̀rọ tó ń sọ iná 240 di 120. Mo ti bi í. Ó ní èyí tó máa gbé 1500 láìwárìrì gbọ́dọ̀ tó 2000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wúwo, òun fúnra rẹ̀ a tún máa gbóná, kí a kúkú fi owó náà ra hítà tí wọ́n ṣe fún iná tiwa. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Tìrẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ọmọ kankan má baà tún ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Má bínú. Má sì dá ara rẹ lẹ́bi, ìfẹ́ lo fi rà á, Màmá mọ̀, èmi náà mọ̀.

Hítà tuntun náà, 2000 ni, 220 sí 240 ló wà lára rẹ̀. Ara ògiri búlọ́ọ̀kù la kàn án mọ́, a ò kàn án mọ́ pákó tí Bàbá fi gé yàrá yẹn sí méjì. Mo dúró ti ẹlẹ́tíríṣàn náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fa wáyà tuntun fún un láti ibi bíréékà, 2.5mm², kọ́pà gidi, láìsí oríkèé kankan láàárín, pẹ̀lú wáyà ilẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, torí kò dára kó wà lókè hítà tàbí lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Kò sí ohun mìíràn lórí wáyà yẹn, kò sí fíríìjì, kò sí àyọ́ọ̀nù, mo sì ti kó gbogbo ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n ilé yín pamọ́. Mo gé kọ́tìnì kúrú. Èmi àti mai gadi sún bẹ́ẹ̀dì títí ó fi jìnnà sí i ní mítà kan ó lé díẹ̀. Tó bá ti ṣiṣẹ́ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, kò burú. Tó bá gbóná débi pé mi ò lè fi ọwọ́ mi síbẹ̀, mo ti sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó pa á látọ̀dọ̀ bíréékà kó sì pè mí.

Eruku ló máa ń dà mí láàmú jù. O mọ ọyẹ́ ibí, o nu tábìlì láàárọ̀, o lè kọ orúkọ rẹ sí i lọ́sàn-án. Gbogbo ìyẹn ló ń wọ inú ihò hítà, ibẹ̀ ló sì ti ń jó. Ní gbogbo Sátidé, màá máa yọ púlọ́ọ̀gì, màá jẹ́ kó tutù pátápátá, màá wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú rẹ̀, màá fi aṣọ gbígbẹ nu ún. Mi ò jẹ́ kí omi débẹ̀. Àti pé nígbàkigbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kí wọ́n pa suwíìṣì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí iná lè dé lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn kò lè gbé e, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Ọjọ́ kẹta tí a kàn án, mo bá ìborùn Màmá lórí rẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó rẹ. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ní kó yá gbẹ. Ọkàn mi já. Mo rọra gbé e, etí rẹ̀ kan ti gan, ó ń rùn bí irun tí iná rà. Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, èyí ni mo gbà gbọ́, torí ìborùn yẹn dùn wọ́n gan-an.

Tóbi ti ṣe JAMB tán, Ìyá Alákàrà ti ní ọmọọmọ, ìbejì ni, tòmátì ti wọ́n, ẹgbẹ́ akọrin wa ń wá ẹni tó máa gba ipò rẹ títí dòní.

Àbẹ̀kẹ́, èyí tó kù yìí gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Màmá ò tan hítà tuntun náà àyàfi tí mo bá wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí adáptà ti jó, ẹ̀rù ògiri ń bà wọ́n. O mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Oṣù kejì 2002, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, èmi ní ọ̀tún, ìwọ ní òsì, tí a di wọ́n mú kí wọ́n má sáré wọ inú ọjà Terminus tó ń jó lọ kó àǹkárá wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí adáptà jó, nínú òkùnkùn, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, iná tí mo bá fojú rí ni mo lè pa. Èyí tó sá pamọ́ sínú ògiri, ta ló máa pa á?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Wọ́n ti padà sídìí àdògán eléèédú. Tí mo bá ti lọ sílé, wọ́n á gbé e wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fi àkísà dí etí fèrèsé nítorí eruku, wọ́n á sì sùn. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ mo kan ilẹ̀kùn títí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ní orí ń fọ́ wọn láti bí ọjọ́ mẹ́ta. A jókòó síta lórí pèpéle yìí, kò tó wákàtí kan tí orí fi fúyẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó! Carbon monoxide tó ń jáde lára èédú ni, kì í rùn, kì í ní àwọ̀, ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó wọlé. Mo gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà, dókítà ní wọ́n ti bọ́, ṣùgbọ́n kí àdògán má tún wọ yàrá yẹn mọ́.

Mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo ti sunkún. Wọ́n á ní "Ó ti yé mi, ọmọ mi", tí mo bá lọ tán, wọ́n á tún gbé e wọlé. Ohùn rẹ ni wọ́n máa gbọ́. Jọ̀ọ́, máa pè wọ́n ní gbogbo alẹ́ títí ọyẹ́ á fi lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbí, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ. Ní aago mẹ́jọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ á ti tan hítà kí yàrá lè gbóná, yúníìtì méjì péré ló máa jẹ fún wákàtí kan. Tí o bá pè, ní kí wọ́n pa á lójú rẹ, kí wọ́n yí fóònù sí ògiri kí o rí i pé ó ti kú, kí wọ́n sì yí i sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí o rí i pé àdògán ò sí níbẹ̀. Kí wọ́n wá da bùláńkẹ́ẹ̀tì méjèèjì bora. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń wo iná náà, mo rò pé ọkàn wọn á balẹ̀.

Èmi ni màá máa sùn tì wọ́n títí di Ọjọ́rú. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Tóbi ń dé láti Abuja, mi ò ní lè kúrò nílé mọ́. Bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú yẹn.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ