Ẹ Dán Ìkànnì Yín Wò Kí Wọ́n Tó Yọ PHP Àtijọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́, òtẹ́ẹ̀lì àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó jẹ́ pé látìgbà tí ẹni tó ṣe é ti gbowó ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn nígbà tí ilé-iṣẹ́ hosting (àwọn tó gba ìkànnì yín sórí kọ̀ǹpútà wọn) bá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ yọ PHP àtijọ́ kúrò. Ẹ má kà á sí ìpolówó ọjà o.

PHP ni èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò. Àwọn tó ń ṣe PHP ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò ẹ̀yà 7.4 dúró láti ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2022; ti 8.1 parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2025. Bí ihò bá yọ lára wọn, wọn ò ní dí i mọ́. Ilé-iṣẹ́ hosting kò jẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni kóòdù ìkànnì yín, wọn ò ní bá yín tún un ṣe.

Kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, PHP àtijọ́ àti tuntun jọ máa ń wà nínú MultiPHP Manager ní cPanel, ojú ewé tí ẹ fi ń ṣàkóso hosting yín. Bí tuntun bá da nǹkan rú, ẹ kàn tún àtijọ́ mú. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ó parí. Ẹ tètè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba tí àlejò ń wá yàrá káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì àti database sórí kọ̀ǹpútà tiyín. Méjèèjì ni o: inú database ni gbogbo ohun tí ẹ kọ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà ìkànnì sórí subdomain (àdírẹ́sì mìíràn lábẹ́ tiyín), kí ó ní database tirẹ̀. Bí wp-config.php (fáìlì ètò WordPress) ti ẹ̀dà náà bá ṣì ń tọ́ka sí database àkọ́kọ́, ojúlówó lẹ ń dàrú. Ẹ sọ WordPress, plugin (àfikún iṣẹ́) àti theme (ìrísí ìkànnì) di tuntun, kí ẹ tó yí PHP ẹ̀dà náà padà.

Pé ojú ewé àkọ́kọ́ ṣí kò fi nǹkan kan hàn. Ẹ kún fọ́ọ̀mù, ẹ gbé fọ́tò sókè, ẹ dán ibi ìsanwó wò. Nínú wp-config.php ẹ̀dà náà, kí WP_DEBUG àti WP_DEBUG_LOG jẹ́ true, kí WP_DEBUG_DISPLAY jẹ́ false. Àṣìṣe yóò máa wọ debug.log nínú wp-content. Èyí tó bá pe ara rẹ̀ ní Deprecated lè dúró díẹ̀. Fatal error ò lè dúró, yóò sì sọ fáìlì àti ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Bó bá ní òun ò mọ each() tàbí create_function(), wọ́n ti yọ wọ́n kúrò ní 8.0, kóòdù náà ti gbó, ẹ pààrọ̀ plugin ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mb_strlen() tàbí curl_init() ni kò mọ̀, kóòdù ò jẹ̀bi. Wọn ò máàkì mbstring tàbí curl, tí wọ́n jẹ́ àfikún PHP, fún PHP tuntun ni.

Ìkànnì tí wọ́n fọwọ́ kọ fúnra wọn ló máa ń le jù. Láti PHP 7.0 ni mysql_connect(), tó ń so ìkànnì mọ́ database, ti lọ, mysqli ló rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà tó gbàgbé mysqli_set_charset, tó ń sọ irú ètò lẹ́tà tí wọ́n ń lò, lè rí i kí ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè káàkiri ojú ewé. Ẹ má tẹ Save rárá nígbà yẹn! Ọ̀rọ̀ inú database lè ṣì pé. Save ló máa kọ àmì ìbéèrè yẹn lé e lórí. utf8mb4, ètò lẹ́tà tó gba ẹ, ọ àti ṣ, ni kí ẹ fún un, kí ẹ tún ojú ewé náà ṣí.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ ṣe bákan náà fún ojúlówó, kí ẹ pa WP_DEBUG, kí ẹ sì pa debug.log rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀ lè kà á.

Àwa olùtọ́jú ìkànnì,
Ìjẹ̀bú-Òde