Ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ nítorí ìsanra kì í ṣe ọ̀lẹ

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn ló máa ń ya ojú ìwé yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ni mo ti ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kan kọ nípa àwọn obìnrin tó ń lọ "gé ikùn". Ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n, pé ẹnu ni wọn ò lè ṣọ́, pé owó ni wọ́n fi ń ra ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbi kan, torí àkọsílẹ̀ náà dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n ó ti po ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Kí wọ́n fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ kí ìdí lè yọ, iṣẹ́ oge nìyẹn. Èyí tí èmi ṣe, inú àpò oúnjẹ àti ìfun ni wọ́n ti ṣe é, àtọ̀gbẹ ló sì gbé mi débẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, gun àtẹ̀gùn, gbé bàbá dìde, wẹ̀ fún màmá, sáré bá bọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, kílò 110 ni mo wọ̀n, mo sì ga ní mítà 1.60. Tí ẹ bá fi gíga yẹn pín ìwọ̀n náà, tí ẹ tún fi pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, 43 lẹ máa bá níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní BMI, òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí ìsanra èèyàn ṣe pọ̀ tó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí tirẹ̀ bá tó 40 ni dókítà lè kọ̀wé fún pé kó lọ rí àwọn oníṣẹ́ abẹ, tàbí ẹni tó tó 35 tó sì ní àìsàn tí ìsanra ń fà. Fún àwa tí a wá láti Áfíríkà, wọ́n lè yọ 2.5 kúrò nínú òǹkà yẹn, torí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró kí tiwa tó tó ti òyìnbó kó tó kọlù wá.

Akọ̀ròyìn yín tún pè é ní àṣà ìwòyí. Rárá o. Ní 1966 ni Dókítà Edward Mason àti Dókítà Chikao Ito ti bẹ̀rẹ̀ irú èyí tí wọ́n ṣe fún mi ní Yunifásítì Iowa l'Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó bí èmi pàápàá.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù báyìí. Nínú ìkíní, wọ́n á gé àpò oúnjẹ, wọ́n á yọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ dànù, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n yọ yẹn gan-an ni èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá ti ń wá jù. Nínú ìkejì, wọ́n á ya orí àpò oúnjẹ sọ́tọ̀, ibi tí omi ṣíbí ńlá méjì ti máa kún un, wọ́n á wá fa ìfun wá lẹ̀ mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo ìyókù àpò náà àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Ìkejì yìí ni wọ́n ṣe fún mi, nítorí àtọ̀gbẹ, àti nítorí pé omi kíkan máa ń ru bò mí lọ́fun lóru. Ti àkọ́kọ́ lè mú kí omi kíkan yẹn burú sí i.

Kò sẹ́ni tó kàn ń bá irọ̀gbọ̀kú lọ síbẹ̀. Kí wọ́n tó dá ọjọ́ fún mi, mo rí onímọ̀ oúnjẹ, mo rí ẹni tó ń bi ni léèrè ohun tó ń bẹ lọ́kàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi títí. Ọkọ mi ló sọ fún nọ́ọ̀sì pé èémí mi máa ń dúró lójú oorun, pé òun a máa fi ọwọ́ tì mí kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn símú fún mi nìyẹn. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró báyẹn, tí wọn ò bá mọ̀ ṣáájú, oògùn akunnilóorun lè ṣe é léṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń fa sìgá, wọ́n á ní kó jáwọ́ pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kángun sí i ló wá le jù. Ẹ̀dọ̀ ló bo àpò oúnjẹ mọ́lẹ̀, ti ẹni tó sanra a sì máa wú fún ọ̀rá. Tí kò bá sọ̀, oníṣẹ́ abẹ ò ní ráàyè gbé e sókè láti dé ìsàlẹ̀. Torí náà, wọ́n gba oúnjẹ onítáàṣì lọ́wọ́ ẹni: kò sí àmàlà, kò sí ẹ̀bà, kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì. Kálórì 800 sí 1,000 lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń dín dòdò ní kíṣìnnì, èmi ń mu yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà. Kí akọ̀ròyìn yín wá gbìyànjú ìyẹn wò, ká tó jọ sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Oníàtọ̀gbẹ ò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà bá a dín oògùn rẹ̀ kù, kí ṣúgà ara má baà já wálẹ̀ lójijì.

Ihò kéékèèké ni wọ́n dá sí ikùn mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì ti ní kí n dìde rìn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èjìká ló ń ro mí jù. Gáàsì tí wọ́n fi fẹ́ ikùn ló fà á. Ìbọ̀sẹ̀ tó há gádígádí ni mo wọ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ń fún ara mi ní abẹ́rẹ́ nínú ikùn nígbà tí mo délé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹsẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún ọkọ mi pé tí àyà mi bá ń sáré, tí ibà bá dé, tàbí tí ikùn bá ń ro mí sí i dípò kó máa rọlẹ̀, kó má dúró di àárọ̀. Ó lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n rán ló ń jò.

Lẹ́yìn náà, ẹnu di ti ọmọ tuntun. Nǹkan olómi ló kọ́kọ́ ń wọlé, oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ìyẹn ni oúnjẹ rírọ̀. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì kéèyàn tó padà sí oúnjẹ gidi. Ògì tí mo fi omi là dáadáa, tí mo bu wàrà sí, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ṣíbí ìkókó ni mo fi ń lá a. Ẹja ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ kí n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, torí púrótéènì gíráàmù 60 sí 80 ni wọ́n ní kó wọ ara lójúmọ́, àyè ò sì sí. Omi ò gbọdọ̀ bá oúnjẹ rìn: ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí mo bá jẹun tán.

Oògùn àtọ̀gbẹ mi ti dín kù kí n tó kúrò ní ọsibítù. Dókítà ò sọ pé àìsàn náà ti lọ títí láé o, wọ́n ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Àwọn èèyàn wa ló wá kù. Níbi ìgbéyàwó kan ní Old Kent Road, àǹtí kan wo àwo mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ọbẹ̀ wa ò dùn ni, àbí ẹ rò pé a ó fi nǹkan sí i?" Àwọn méjì lẹ́yìn mi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé mo ti rù, pé ó dà bí ẹni pé àìsàn yẹn ni. Ìkẹta gbé máàtì tútù lé mi lọ́wọ́. Máàtì! Ṣúgà inú rẹ̀ á já ṣòòròṣò sínú ìfun, kí ó tó pẹ́, òógùn á bo èèyàn, àyà á máa lù kìkì, á fẹ́ dákú láàárín agbo. Mo gbé e fún ọmọ tó jókòó tì mí, mo dìde jó.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tó lọ ṣe tirẹ̀ ní Tọ́kì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ síbẹ̀ láti ibí torí pé ó dínwó, iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì lè dára. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó fi padà délé, kò sẹ́ni tó fi ìwé ránṣẹ́ sí dókítà àdúgbò rẹ̀. Ó ń bì, ó ń bì, ó rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí ìrìn rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Fítámì B1 ló tán lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń fojú sun iṣẹ́ abẹ yìí, yálà l'Ékòó ni o tàbí lókè òkun, kó má ka owó oníṣẹ́ abẹ nìkan. Kó ka owó fítámì, oògùn ẹ̀jẹ̀, kálísíọ̀mù àti àyẹ̀wò ọdọọdún, torí títí ọjọ́ ayé ni. Kó sì béèrè lọ́wọ́ wọn kó tó sanwó: ta ló máa dá mi lóhùn tí nǹkan bá yí lóṣù kẹta?

Díẹ̀ sí i. Irun mi re, ó ti ń hù padà. Ibuprofen tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún ara ríro, èmi àti òun ti pínyà, torí ó lè dá egbò sínú ikùn lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ tèmi. Ààwẹ̀ gbígbẹ, mo ti sọ fún pásítọ̀ wa pé kó yọ̀ǹda mi. Àwọn tí ìyá ọkọ ń retí oyún lọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kó tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ ná.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ìwé tí wọ́n fún mi ní ọsibítù, ọ̀dùnkún gígún, kọ́sítáàdì àti wàràkàṣì ló kún inú rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí kò ní epo púpọ̀ ni èmi fi gbéra, ẹnì kankan ò sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ bá wa wá onímọ̀ oúnjẹ kan ní ọsibítù UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó kó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín: mọ́ínmọ́ín, èkuru, ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ rírò, báwo ni kó ṣe pọ̀ tó ní oṣù kìíní àti ìkejì, ìgbà wo sì ni òkèlè lè padà wọlé. Kí ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́, torí ìyá àgbà ló ń se oúnjẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.