Ẹ yéé fi gbogbo ẹ̀bi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sórí iyán

Olótùú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lẹ́nu láti Adó-Èkìtì níbí.

Lọ́dún tó kọjá ni alájọ wa kó owó sá lọ. Odindi oṣù méjì ni mi ò fi rí oorun sùn, tó bá ti di aago méjì òru ojú mi á là kedere, màá wá máa ṣírò owó tí kò sí mọ́. Ìgbà tí mo lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti di 248, bẹ́ẹ̀ wọn ò fẹ́ kó tó 200 rárá. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí ni pé "Màámi, ẹ ń jẹ iyán lálẹ́ àbí?" Ẹ gbọ́ o! Èmi ọmọ Èkìtì! Iṣu ò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kankan nínú, inú ẹran, ẹyin àti wàrà ló wà (ẹ má sọ pé torí mo ń ta iṣu ni o, òótọ́ ni pé tí òkèlè bá pọ̀ jù ó lè gbé ọ̀rá kejì tí wọ́n ń pè ní triglyceride sókè, mi ò jiyàn ìyẹn). Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi.

Dókítà àgbà kan ló wá là á yé mi. Tí ìrònú bá wọ èèyàn lára, ara á ṣe bí ẹni pé ìjà dé, á tú adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ara fi ń múra ìjà, jáde, ìyẹn á ní kí ọ̀rá tí ara tọ́jú máa bọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á gba nínú ẹ̀, á sọ ọ́ di triglyceride, á tún dà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìjà ò sì dé o, a ò sáré, a ò ja ẹnikẹ́ni, orí àga la jókòó sí tá a ń ronú. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, LDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, lè máa ga, kí HDL, èyí tó dáa tó ń gbá a kúrò, máa lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tilẹ̀ tuntun. Ìwádìí tí Friedman àti Rosenman, àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1958 lórí àwọn akáńtáǹtì ní San Francisco níbẹ̀ fi hàn pé bí ọjọ́ tí wọ́n ń parí ìṣirò owó orí lóṣù April ṣe ń kàn wọ́n lára ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ń ga, nígbà tí wàhálà náà rọlẹ̀ òun náà rọlẹ̀, oúnjẹ wọn ò sì yàtọ̀.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni da oògùn ẹ̀ nù o, èmi náà ń lo tèmi. Ẹ ṣáà bá mi bẹ àwọn nọ́ọ̀sì wa, kí wọ́n tó dárúkọ iyán, kí wọ́n bi wá bóyá a ń sùn. Alájọ yẹn ti dá ìlàjì owó padà, tẹ́ẹ̀sì tí mo ṣe lóṣù tó kọjá sì jẹ́ 211, oògùn gba tiẹ̀ níbẹ̀, oorun náà gba tiẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníṣu, Adó-Èkìtì