Lẹ́tà sí Ọmọ Àbúrò Mi Tó Fi Ọ̀bẹ Sílẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Màmá rẹ sọ fún mi pé o ní oṣù mẹ́ta gbáko tí o lò lọ́dọ̀ mi, ọ̀bẹ nìkan lo ń pọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ṣé o rántí ọpọ́n ayò yẹn? Ihò méjìlá ló yẹ kó ní. O gbẹ́ mẹ́ta, wọ́n dára. Nígbà tí o dé ìkẹrin, ẹnu ọ̀bẹ ti kú, o wá ń fi agbára tì í. Ọ̀bẹ tó bá mú, gígé ló ń gé igi, ojú ibẹ̀ a máa dán bí ẹni fi òróró pa á. Èyí tó bá kú, ńṣe ló ń fa igi ya. Bí ààlà ihò kẹta àti ìkẹrin ṣe ya nìyẹn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ, mo ní kí o lọ máa pọ́n ọ̀bẹ, n kò sọ ìdí rẹ̀. Bí ọ̀gá tèmi náà ṣe ṣe fún mi nìyẹn, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ọ̀nà mẹ́rin làwọn baba wa pín iṣẹ́ igi gbígbẹ́ yìí sí. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, níbi tí a ti ń fi àáké lé orí, ara àti ẹsẹ̀ ère jáde lára igi. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni imú, etí àti ọwọ́ ti ń yọjú. Lẹ́yìn náà la ó dán an, ká tó wá fín in. Fínfín lo ń lé, torí òun lojú ń rí. Àmọ́ bí lílé bá ti wọ́, kí lèèyàn fẹ́ fín? Kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí irin tó kú lè ṣe.

Bàbá Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tí wọ́n papò dà ní 2009, ìdílé ọlọ́nà ni wọ́n bí wọn sí ní Ìlá Ọ̀ràngún (orúkọ wọn gan-an ti sọ ọ́). Wọ́n ti ń gbẹ́gi láti kékeré. Síbẹ̀, wọ́n tún lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé náà, ọmọ Àreògún ará Òsì tí òkìkí rẹ̀ kàn ni, ṣùgbọ́n ọmọọṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń tọ̀; nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé torí o kì í ṣe ọmọ bíbí inú mi ni mo ṣe fi iṣẹ́ pa mọ́ fún ọ. Ta ni mo tún fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?

Mo gé igi ire kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, oje ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi àpò tútù bò ó lábẹ́ mángòrò, kí oòrùn má bàa là á. Ìdajì rẹ̀ ni tìrẹ. Ọ̀bẹ tí o pọ́n kẹ́yìn ṣì wà níbi tí o gbé e sí, mo ti fi epo pa á kó má bàa dípẹtà. Tí o bá dé, èmi fúnra mi ni n ó pọ́n ọn lójú rẹ, n ó sì máa ṣàlàyé.

Máa bọ̀ kí igi náà tó gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ